Pọ́ǹpù Tí Mo Kọ̀ Láti Yọ

Kiatéka ilé wa ló mú ìwé náà wá ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ní ìyá onílé ló rán òun: kí oṣù tó parí, bí ẹ̀rọ tó ń kùn nínú yàrá mi ò bá jáde, èmi ni màá jáde. Mo nu ọwọ́ mi, mo gba ìwé náà, mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo sì dá a padà fún un.

"Ẹ bá mi sọ fún Mummy pé ẹ̀rọ mi ò jáde. Èmi náà ò sì jáde."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó di wàhálà." Mo ní wàhálà ti dé ná, mo sì padà sídìí aṣọ mi.

Yàrá kan ni mo háyà ní Mafoluku, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tí gbogbo wa kọjú síra wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán ilé tí wọn ò tíì kọ́. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á fi pílánì ránṣẹ́ sí mi, èmi á fi kọ̀ǹpútà ya ilé náà bí yóò ṣe rí gan-an, tòun ti oòrùn tó ta sára ògiri àti òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kọ̀ǹpútà gbóná bí ìkòkò orí iná. Yàrá mi sì rèé, páànù ló wà lórí rẹ̀, sílìn rẹ̀ ti já ní igun méjì. Kọ̀ǹpútà tí mo kọ́kọ́ lò, fáànù ló ń tù ú. Tó bá ti di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, á gbóná tán, á kú fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti àárọ̀ á sì bá a lọ. Ìgbà méjì ni mo sunkún lórí rẹ̀. Nígbà kẹta, mi ò sunkún mọ́. Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń to kọ̀ǹpútà ní Ṣógúnlé, ó bá mi to èyí tí omi ń tù.

Ẹni tó bá ti wo ẹ́ńjìnnì mọ́tò rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ǹpù kékeré kan á máa ti omi gba inú rọ́bà lọ síbi tó gbóná, omi á gba ooru náà, á gbé e lọ sí rédíétọ̀, ibẹ̀ ni á ti tutù kó tó tún padà. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé, kò kú mọ́ lójú iṣẹ́.

Ẹni tó fẹjọ́ sùn ni bàbá tó ń gbé yàrá kejì, ògiri kan ṣoṣo ló pín wa níyà. Ará Ọ̀yọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Jẹnẹrétọ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe ní pápákọ̀ òfurufú, ariwo sì ti jẹ etí rẹ̀ tán. Bí o bá fẹ́ kó gbọ́ ọ, àfi kó máa wo ẹnu rẹ. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Báwo ni ẹni tí kì í gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ṣe gbọ́ pọ́ǹpù tí kò ju ìkúùkù mi lọ?

Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún Mummy pé ẹ̀rọ mi ń pariwo?"

"Mi ò sọ pé ó ń pariwo. Mo ní kò jẹ́ kí n sinmi. Ọmọ mi, wá."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e lé irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, níbi tí irin náà ti kan ògiri. Mo ti fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lórí iṣẹ́. Irin náà ń gbọ̀n rì-rì-rì lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, bí agolo tí kòkòrò há sí nínú. Ife omi kan wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ojú omi náà ń wárìrì.

"Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni," ó ní. "Eegun ẹ̀yìn mi ni mo fi ń gbọ́ ọ."

Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì dé inú mi. Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, mo sọ fún un pé mi ò ní gbé ẹ̀rọ náà kúrò, mo máa mú kó dákẹ́ ni. Ó bi mí bóyá ó ṣeé ṣe. Mo ní mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n yóò dákẹ́.

Mo pe ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká yọ pọ́ǹpù yẹn, ká fi fáànù sí i. Nǹkan olómi yìí, àwọn ọkùnrin tó ń gbá géèmù ló wà fún. Ẹ̀yin ò nílò rẹ̀." Mo bi í bóyá òun ló máa wá fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ fáànù ọ̀hún láago kan ọ̀sán. Ó ní kí n má bínú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Òkè-Àfá ní kí n tà á, kí n wá iṣẹ́ tí kò ní mú mi bá onílé fa ọ̀rọ̀. Mo ní kò sí ẹni tó máa rà á. Kì í ṣe pé ọkàn mi balẹ̀ o. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń sọ ohun tí màá gbé sọnù fún mi, kò sì sí ẹnì kan tó bi mí ohun tó ń mú ẹ̀rọ náà gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà. Mo ti máa ń rí àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n á fi ẹnu sukurudíráfà kan ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á gbé ìdí rẹ̀ sétí. Mo ṣe bíi tiwọn. Mo fi kan rédíétọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fi kan pọ́ǹpù, ohùn méjì ni mo gbọ́. Ọ̀kan ń kùn bí ẹni tó pa ẹnu dé. Èkejì ń ṣe gbùlù-gbùlù, bí ẹni tó ń fi omi fọ ẹnu. Ìyẹn yé mi: atẹ́gùn ló há síbẹ̀. Mo wo agolo tí omi rẹ̀ wà, omi ti fà dé ìdajì.

Mo ra omi bátìrì, irú èyí tí àwọn rewáyà máa ń bù sí bátìrì mọ́tò, torí omi ilé wa máa ń fi ìpẹtà pupa sílẹ̀ lára gbogbo nǹkan. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo bu omi náà kún agolo, mo wá ń dẹ àpótí náà sápá ọ̀tún, sápá òsì, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé ọmọ léjìká kó lè gùnfẹ̀. Atẹ́gùn ń yọ gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo tún tàn án, gbùlù-gbùlù ti lọ. Ó ku èyí tó ń kùn.

Bóòtù mẹ́rin ni wọ́n fi de pọ́ǹpù náà mọ́ àpótí, irin kan irin. Àpótí wà lórí tábìlì, tábìlì fara ti ògiri, ògiri fara ti bẹ́ẹ̀dì bàbá. Mo tú pọ́ǹpù, mo gé sílípáàsì balùwẹ̀ mi kan tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, mo sì fún bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le kíkan-kíkan kó má baà mì. Mo fa tábìlì kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà mo tàn án, mo lọ bá bàbá ní yàrá rẹ̀ pé kó wò ó.

Ó gbé ọwọ́ lé irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó wá mi orí. "Ó dín. Kò lọ."

Ó dùn mí. Ó jọ pé ó hàn lójú mi, torí ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí n mú òun lọ síbi tí nǹkan náà wà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wọ yàrá mi. Ó wo inú àpótí kọ̀ǹpútà náà fún ìgbà pípẹ́, lọ́nà tí dókítà fi ń wo ọ̀fun èèyàn.

"Kí lo fi sábẹ́ rẹ̀?"

"Rọ́bà ni, Bàbá."

"Rọ́bà tí o fi bóòtù fún pa, irin ni. A ní jẹnẹrétọ̀ kan tó tóbi ju yàrá yìí lọ, orí rọ́bà ló jókòó sí. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá fún un jù, gbogbo ilé ló máa gbọ̀n. Jẹ́ kó mí."

Mo lọ bá fọganáísà tó ń lẹ táyà lójú títì, ó fún mi ní àjákù tíúbù. A gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a fi wé ọrùn bóòtù kọ̀ọ̀kan kí irin má kan irin mọ́, a sì fi fóòmù rírọ̀ sábẹ́ pọ́ǹpù dípò sílípáàsì. Ọwọ́ lásán ni mo fi dé bóòtù, mi ò lo sípánà. Mo tún gé fóòmù sábẹ́ ẹsẹ̀ àpótí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ṣe ohun tí bàbá ò mọ̀: mo wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, mo rí i pé eré àsápajúdé ni pọ́ǹpù náà ń sá látàárọ̀, bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Mo dín in kù sí díẹ̀ lókè ìdajì. Mo fi iṣẹ́ tó wúwo jù lọ sí i, mo jókòó tì í títí ọ̀sán fi pọ́n, mo ń wo ooru rẹ̀. Ó lọ sókè díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá ní òun ń lọ gbé ọwọ́ lé irin. Mo dúró, mo dúró, kò padà wá. Mo lọ yọjú. Ó ti sùn lọ ní ìjókòó, ó fẹ̀yìn ti irin bẹ́ẹ̀dì náà, omi inú ife sì pa rọ́rọ́.

Nígbà tí oṣù parí, ìyá onílé fúnra rẹ̀ wá láti Ìsọlọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O ò tíì gbé e jáde."

"Ó ti dákẹ́, Mummy. Ẹ fọwọ́ kan ògiri, ẹ wò ó."

"Ọ̀rọ̀ ògiri kọ́. Mo ní kí o gbé e jáde, o ní o ò gbé e."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni kiatéka tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga sí táǹkì ilé. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé. Bó ṣe mú iṣẹ́ ni gíláàsì gbogbo fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í dún gbàgàgbàgà, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀.

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Mummy, èwo nínú tèmi àti tiyín ló yẹ kó jáde?"

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu ọmọdé sí àgbà. Mi ò kó o jẹ. Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti ń wo ẹnu wa látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Òótọ́ ló sọ. Tirẹ̀ ti dákẹ́." Ìyá onílé wo bàbá, ó wò mí, ó ká báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sì lọ. Mo rò pé ó ti parí fún mi. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí tí màá fi kó ẹrù. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn ò dé, títí di òní.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni Ṣógúnlé pè mí. Ó ní kọ̀ǹpútà oníbàárà kan ń kùn, òun ti tú u títí, ó ti sú òun. Ṣé mo lè wá wò ó? Mo ní mo lè wá, ṣùgbọ́n kó mọ̀ láti ìsinsìnyí pé mi ò wá yọ pọ́ǹpù kankan. Ó ní ó yé òun. Mo mú sukurudíráfà mi, mo gbọ̀nà Ṣógúnlé lọ.