Àwọn Tó Máa Ń Pẹ́ Dé Ẹgbẹ́ Eré Sípáníṣì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti Eliana Choque ti jọ ń gbé ilé kan náà ní Pittsburgh, òun lókè, èmi nísàlẹ̀. Ọmọ Bolivia ni, ọmọ Honduras lèmi. Èmi ni ìyá ìsàmì Nayra, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní comadre, tí èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni. Tí aṣọ ìgbéyàwó bá fún ìyàwó tuntun kan mọ́ra jù, ọ̀dọ̀ Eliana ni wọ́n máa gbé e wá, kò sì ní fi abẹ́rẹ́ gún un níbi tí kò yẹ. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ aago, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ná.

Ìyà tó jẹ wá lọ́dún tó kọjá kò ṣẹ̀yìn màmá rẹ̀, Doña Primitiva, tí wọ́n wà ní Cochabamba. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá físà tí wọn ò rí i gbà. Lóṣù kẹrin, wọ́n rí i gbà, ó ku kí wọ́n dé lóṣù kẹjọ. A ò tíì jó tán tí orí wa fi wálẹ̀, torí pé Nayra, ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í sọ Sípáníṣì. Ó gbọ́ ọ o. Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ gbé bàtà wá, á gbé e wá. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi dá yín lóhùn. Wendell, baba rẹ̀, ọmọ ìlú yìí ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ Sípáníṣì mẹ́ta ló mọ̀, orúkọ oúnjẹ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọọjọ́ Àìkú ni màmá máa ń pè. Wọ́n á bi ọmọ pé kí ló jẹ, ọmọ á tú Gẹ̀ẹ́sì jáde wuuru, màmá á rẹ́rìn-ín, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún Eliana pé, "Má fà á wá sídìí fóònù mọ́, ọmọ mi. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń dí i lọ́wọ́. Tí mo bá dé, màá kàn máa wò ó."

Eliana sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní ṣé ìyá òun á wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo ọmọ òun bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n ni? Lọ́jọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹgbẹ́ eré tí àwọn ọmọdé ti ń sọ Sípáníṣì.

Èyí àkọ́kọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí i. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì nínú òjò, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ní ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀ ò rántí pa á rẹ́, ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń fi ṣeré.

Ìkejì wà lóòótọ́. Obìnrin kan ń ta gìtá níbẹ̀, wọ́n á kọrin àwọ̀ pupa àti funfun, ó parí. Bí orin bá ti dákẹ́, Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi èdè yẹn tọ́ dàgbà níbẹ̀ yàtọ̀ sí Eliana, ni gbogbo òbí bá rọ̀gbà yí i ká: báwo lẹ ṣe ń pe eléyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó wá nǹkan lọ fún ọmọ tirẹ̀ di olùkọ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ tún sọ fún un pé bó ṣe ń sọ ọ́ ò bá ti inú ìwé òun mu. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, ìwé yẹn ì bá gbọ́ tiẹ̀.

Ìkẹta ni ti ilé-ìkàwé àdúgbò wa, ní àárọ̀ Sátidé, agogo mẹ́wàá, ọmọ méjìlá péré. Eliana dé ní ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn mẹ́wàá, àyè ti kún. Mo bú u dáadáa. Mo ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá mú wọn lọ.

Àmọ́ bí àwa èèyàn wa náà ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá pè mí wá sílé yín ní agogo mẹ́wàá, tí mo sì yọ ní mẹ́wàá géérégé, ìwọ̀sí ni, torí ẹ lè ṣì wà ní balùwẹ̀. Mo di irun Nayra, mo mu kọfí mi, a dé ní ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n kọjá mẹ́wàá, mo sì ń yangàn pé a tètè dé. A yọjú wo inú yàrá láti ojú gíláàsì. Ọmọ méjìlá ló wà nínú yàrá, kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ jọ ẹni tó ń sọ Sípáníṣì nílé.

Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀ wá gan-an. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an la ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ẹ kì í wá."

Mo ní, "A kì í wá kẹ̀? Ta ló dúró síwájú yín yìí?"

Kò jà. Ó kàn wo aago ara ògiri, èmi náà wò ó. Orí mi gbóná, mi ò sì rí ẹni tí màá bú, àfi èmi àti Eliana.

A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí obìnrin Venezuela kan fi sáré dé pẹ̀lú ìbejì. Ó ka ìwé ara ilẹ̀kùn tó ní àyè ti kún, ó pòṣé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà kan láti Guatemala, Doña Tránsito, fa ọmọ ọmọ wọn dé wọ́ọ́rọ́wọ́, mẹ́wàá ti kọjá ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Gbogbo wa pátá ni aago tì síta ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí wa. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Doña Tránsito ò rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn ò sì ní wá dé ibẹ̀ lásán. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n bo ojú wọn, wọ́n ní àwọn ni ìkookò. Àwọn ọmọ á béèrè ohun tí ìkookò ń ṣe, ìkookò á ní òun ń wọ ṣòkòtò, òun ń wọ bàtà, títí táá fi fò dìde lé wọn. Nayra fẹ́ gba ipò ìkookò, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Kí ló wí? Mi ò gbọ́," ni Doña Tránsito wí. Kì í ṣe pé wọ́n ń dọ́gbọ́n kọ́ ọ o, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá ni. Nayra fi igbe tún un sọ. Wọ́n yíjú sí ọmọ mìíràn. Nayra fẹsẹ̀ janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ojú ro, ó wá sọ ọ́ jáde ní Sípáníṣì pé, "Èmi ni màá ṣe ìkookò!" Eliana fún mi lọ́wọ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn di tiwa. Òṣìṣẹ́ yẹn tiẹ̀ wá yàrá kékeré kan fún wa, ó kọ agogo mẹ́wàá sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ wo nǹkan. Mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la ṣì ń dé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní ìparí oṣù keje, mo wà lókè lọ́dọ̀ wọn nígbà tí màmá pè. Nayra já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Màmá bi í ní Sípáníṣì bóyá ó mọ̀ pé àwọn ni ìyá àgbà rẹ̀.

"Rárá," ni Nayra wí ní Sípáníṣì. "Mo ti ní ìyá àgbà. Tránsito lorúkọ wọn. Ilé-ìkàwé ni wọ́n wà."

Ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i. Odindi oṣù mẹ́ta tá a fi wọ bọ́ọ̀sì, tí òjò fi pa wá, ọ̀rọ̀ tá a rí mú bọ̀ nìyẹn. Eliana na ọwọ́ láti gba fóònù, ó ti ń tọrọ àforíjì kó tó dé ibẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ni màmá wí láti Cochabamba. "Nayra, mo gbọ́ ẹ. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tún un sọ fún mi."

Nayra tún un sọ. Màmá ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.