Kọ̀rọ̀ tí Ìpè Ti Ń Já

Iṣẹ́ mi níléeṣẹ́ fóònù nígbà náà ni kí n máa rìn. Fóònù méjì á wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan á ti pe èkejì, èmi á wá fẹsẹ̀ rìn láti Obalẹ́ńdé wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n lè mọ ibi tí ìpè náà yóò ti já. Bí èèyàn bá ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, máàstì kan ló ń fà á lé èkejì lọ́wọ́, òun gan-an ò sì ní mọ̀. Iṣẹ́ yìí ò sú mi rí. Atojúbọ̀ ni mí, ó sì ń yà mí lẹ́nu lójoojúmọ́.

Kọ̀rọ̀ kan wà lẹ́yìn ọjà Òkè Àrin tí ìpè mi kì í kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti bá Alhájì kan tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà lọ́jà náà. Ó tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ó tún ti gé e mọ́ mi létí."

"Ta ni, sà?"

"Ọmọ mi obìnrin. Mi ò lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta rèé tí mo ń pè é kí n bẹ̀ ẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò pè é mọ́."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pè é. Ó ní etí òun ò gbọ́ dáadáa mọ́, sípíkà ni òun fi ń gbọ́ fóònù, ọ̀rọ̀ ilé ò sì yẹ létí àwọn ará ọjà. Ìdí nìyẹn tó fi ń rìn jìnnà sí wọn. Á kí ọmọ, á béèrè ọkọ, á béèrè iṣẹ́, kó tó wá kan ẹ̀bẹ̀, ó ti dé kọ̀rọ̀.

"Alhájì, kì í ṣe ọmọ yín o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé?"

Inú bí mi. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo wá ìdí rẹ̀ títí mo fi rí i. Wọ́n ti ri máàstì tuntun mọ́ ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ ọ́ mọ́ àwọn máàstì tó jẹ́ aládùúgbò èyí àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Èyí àtijọ́ ò mọ̀ pé ó wà, kò sì lè fa ìpè lé e lọ́wọ́. A kọ ọ́ mọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo bẹ Alhájì títí ó fi gbà láti tún un pè. Mo tẹ̀ lé e. Ó kí i, ó béèrè ọkọ, ó béèrè iṣẹ́. A dé kọ̀rọ̀, a kọjá rẹ̀, ìpè ò já. Alhájì bá dúró, ó ń wò mí. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ìpè bá já báyìí, ọmọ rẹ̀ ló gé e lóòótọ́; èmi náà ò sì ronú kan ibẹ̀ rárá.

"Ọmọ mi," ó ní, "má bínú sí mi."

Sípíkà dákẹ́. Mo yọjú wo fóònù rẹ̀, ìpè ṣì ń lọ.

"Dádì," ni ọmọ náà wí, ẹkún ti gba ohùn rẹ̀, "èmi rò pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gé e."