Lẹ́tà Tí Àrínọlá Kọ Nípa Ìtànṣán Tuntun

Iṣẹ́ tí Àrínọlá ọmọ Ìnísà ṣe fún ọdún mẹ́fà nílùú òyìnbó kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi yangàn. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ló ń kà. Wọ́n á gbìn ín sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á yin ìtànṣán àtijọ́ tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ sí àwo kan, wọ́n á yin tuntun tí wọ́n ń pè ní prótọ́ọ̀nù sí èkejì. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, Àrínọlá á tẹjú mọ́ àwo méjèèjì, á ka àwọn tó yè tó sì tún ń bí sí i, kí wọ́n lè mọ èyí tó lágbára jù àti iye tó fi jù ú lọ. Iye yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé.

Lọ́dún 1991, ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Oyèkọ́lá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkukù: "Prótọ́ọ̀nù ń pa jẹjẹrẹ ju ìtànṣán àtijọ́ lọ." Kò kọ iye. Ó fẹ́ kí wọ́n gbà nílé pé ohun ńlá lòun ń ṣe, iye náà kò sì tóbi.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni jẹjẹrẹ mú Àyìnkẹ́, ìyá wọn, lọ́nà ọ̀fun. Àrínọlá sáré wálé. Ìbàdàn ló rò pé òun á ti bá a, níbi tí wọ́n ti ń yin ìtànṣán sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n orí àga nílé wọn ní Ìkìrun ló bá a. Dókítà ní ìgbà ọgbọ̀n ni wọn yóò yìn ín. Mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n tíì yìn tí Oyèkọ́lá fi gbé e kúrò.

Àrínọlá kò tilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé Màmá wálé?"

"Ìwọ ni." Oyèkọ́lá fa lẹ́tà náà yọ lápò, ó kà á ketekete sétí gbogbo ará ilé. "Ti àtijọ́ ni wọ́n ń yìn fún Màmá n'Íbàdàn. Páásípọ́ọ̀tù wọn ni mò ń dúró dè, kí wọ́n lè wá gba tuntun lọ́dọ̀ ẹ. Àbí ojú ń tì ẹ́ láti mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ nǹkan tẹ́ ẹ ṣe."

"Mo mọ̀wé kà."

Inú bí Àrínọlá, ara rẹ̀ gan-an ló sì ń bínú sí jù. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, tó ti wọn gàrí tà fún ogójì ọdún. "Màmá, ohun tí ti àtijọ́ á fi kóńgò mọ́kànlá ṣe, tuntun á fi mẹ́wàá ṣe é. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èènì lásán ni."

"Irọ́ ni," ni Oyèkọ́lá wí. "O ò fẹ́ kí Màmá wá yọ ẹ́ lẹ́nu lọ́hùn-ún ni."

Ìyá gbọ́wọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń fipá fà á jáde. "Àwo jẹjẹrẹ tó o máa ń sọ fún mi yẹn, tẹ́ ẹ bá yìn ín, tẹ́ ẹ wá pa á tì, ọjọ́ mélòó ló fi ń hù padà?"

"Kì í pẹ́, Màmá."

"Iye ni mo béèrè."

"Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń hù."

"Mo ti lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún lórí àga yìí." Ìyá wo ọmọ kan, ó wo èkejì. "Ọ̀kan mọ̀wé kọ, ọ̀kan mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bá mi wá báàgì mi."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Àrínọlá àti ìyá rẹ̀ wọkọ̀ Ìbàdàn. Oyèkọ́lá kò sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Dókítà fi ọwọ́ tẹ ọrùn ìyá, ó wọn kókó jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì fàro. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Àrínọlá, tó fi ọdún mẹ́fà wá iye nínú àwo, kò lè béèrè iye tó kọ.

Ìyá rẹ̀ ló béèrè. Kókó náà ti padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.