Ẹni Tó Pè Mí Lójú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìwó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀rọ̀ mi tún dín sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mo jókòó kọ èyí, kì í ṣe pé mo ń wá ohun tí n ó fi dá yín lára yá. Ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, oòrùn wà lókè, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó mọ a, b, d. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ mi sínú nóòtù. Akọ̀wé ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú wa, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú èsì ìdánwò.

Tíṣà ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá mi nídìí ẹ̀rọ. Bàbá Onínóòtù ló ń pè mí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, láyé yìí.

Ọdún yẹn ni gbogbo ènìyàn ń pariwo pé kọ̀ǹpútà máa dojú rú bí a bá wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì. Tíṣà ní òun kò ní dúró de ìyẹn. Ó kó èsì gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun kan, ó fi Línúùsì sí i, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò, tó sì lè tún ṣe bó ṣe wù ú. Ó gbé ètò mẹ́ta mìíràn lé e, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ń tọ́jú orúkọ àti máàkì. Ọ̀kan ń gbé ojú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà tó wà ní àwọn ọ́fíìsì yòókù. Ẹ̀kẹta wà láàárín, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ṣe ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ ara wọn rí, ó sì hàn nínú ìwà wọn. Wọ́n dà bí àwọn ìyàwó ilé tí wọn kì í kí ara wọn, tó jẹ́ ọmọ ni wọ́n ń rán láti yàrá dé yàrá. Bí o bá tu ìyálé nínú, ìyàwó á ti ilẹ̀kùn. Tíṣà a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. "Bàbá Onínóòtù, wọ́n ṣì máa gbọ́ra wọn yé," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.

Kò rí ọjọ́ náà. Ibà ni wọ́n pè é. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi ṣàìsàn. Èmi fúnra mi bu erùpẹ̀ sí i. Mo jókòó níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ pé ó kú.

Èsì àwọn tó ń jáde lọ́dún yẹn sì wà nínú ẹ̀rọ náà. Òjò ti jò ba ti inú fáìlì ìwé jẹ́. Ọmọ mi wà lára wọn. Òun nìkan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Ilé ìwé kan ní Ilé-Ogbó ti ní kó wá máa kọ́ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń retí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ẹ̀rọ náà jà. Ètò àárín ní òun kò rí ètò orúkọ. Mo tún un ṣe. Ètò ojú ìwé wá ní òun kò mọ ètò àárín mọ́. Mo mú ẹ̀dà tuntun ètò àárín láti inú sídíì tí Tíṣà rà ní Ìbàdàn, ètò orúkọ ní ti àtijọ́ ni òun mọ̀. Mo dá ti àtijọ́ padà, gbogbo wọn dákẹ́. Nígbà tó yá ni mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Orúkọ Tíṣà ni ẹ̀rọ kọ sára gbogbo fáìlì náà. Òun ló ni wọ́n, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọ̀gá àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan. "Bàbá, títí di ìgbà wo?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i, sà."

"Àyè kẹ̀? Àbí ká lọ hú Tíṣà jáde, kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì wá.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọmọ mi gbé oúnjẹ wá síwájú mi. Kò kúrò níbẹ̀.

"Bàbá mi, wọ́n ní bí mi ò bá mú ìwé yẹn dé ní Mọ́ńdè, àwọn á fi ẹlòmíràn síbẹ̀."

"Wàá rí i gbà."

"Ẹ kì í purọ́ o, Bàbá. Ẹ má tìtorí mi bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Ẹ mọ bí Ìwó ṣe ń rí lọ́sàn-án Jímọ̀. Gbogbo ọ́fíìsì á ṣófo, títì á dákẹ́, ọlọ́kadà pàápàá á ti wà ní mọ́sáláṣí. Ó yẹ kí n lọ. N kò lọ. Iná wà, n kò sì mọ ìgbà tí wọ́n tún máa mú un wá.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí n kọ́kọ́ yọ orúkọ Tíṣà kúrò lára àwọn fáìlì náà, kí n fi tèmi sí i. N kò mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí nínú nóòtù mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà tí Tíṣà fi ń wọlé wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ fún mi. Mo jókòó lórí àga rẹ̀. Mo fi orúkọ òkú wọlé.

Mo ti yọ wáyà tó so ẹ̀rọ náà mọ́ àwọn ọ́fíìsì yòókù, kí ẹnikẹ́ni má bàa dí mi lọ́wọ́. Orí wáyà náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ń rí i.

Ẹ̀rọ náà dún.

Línúùsì ní ọ̀nà kan tí ẹni méjì tó wà lórí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé sí ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ó máa kọ orúkọ ẹni tó ń pè ọ́, ó sì máa dúró kí o dá a lóhùn. Orúkọ tó kọ ni orúkọ Tíṣà, èyí tí èmi náà fi wọlé. Tíṣà ló ń pe Tíṣà.

Mo wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ̀rọ tún dún.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré pé bí ẹnìkan bá pè mí tí n kò rí ojú rẹ̀, n kò gbọdọ̀ dáhùn. Kò sí ọmọ Ìwó tí wọn kò sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ìpè tí etí ń gbọ́ ni ìyá mi mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rọ lásán ni. Mo dáhùn.

Ojú ẹ̀rọ pín sí méjì. Apá ìsàlẹ̀ ṣófo fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá Onínóòtù, ẹ kú iṣẹ́."

"Tíṣà?" N kò tẹ̀ ẹ́ o. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Lẹ́tà tún yọ. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ta lẹ ń wá?"

Ó yẹ kí n dìde. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́ńdè ni mo ń rò. Mo tẹ orúkọ ọmọ mi. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílùú wa. Bí o bá gbé orúkọ ẹnìkan lọ bá ààfáà fún àdúrà, wàá fi orúkọ ìyá rẹ̀ tì í. Ọwọ́ mi kàn ń lọ ni. Mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ tì í.

Ó pẹ́ díẹ̀.

"Mo ti rí i."

Ojú ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà. Mo pe ojú ìwé èsì, ó jáde! Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá kan. Gbogbo orúkọ tò bó ṣe yẹ, àfi ẹyọ kan. Ọmọ mi ló wà lókè pátápátá, níbi tí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ kò gbé e dé. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíṣà kò ṣe àyè fún orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú ètò náà.

Ọmọ mi mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ ní Mọ́ńdè. Ọ̀gá àgbà gbá mi lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ̀yin náà ti di Tíṣà!" N kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ní gbogbo Jímọ̀, ní wákàtí ìrun, ẹnìkan ń béèrè orúkọ kan ṣoṣo, ti ọmọ mi. N kò tíì dá wáyà yẹn padà.

Ní ọ̀sán Jímọ̀ kẹrin, ọmọ mi wọlé wá bá mi láti ẹ̀yìnkùlé, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ pè mí fún?"

"N kò pè ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ pè mí."

"Ṣé ohùn mi ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Rárá. Mo rò pé ẹ lálejò ni."

"Ṣé o dáhùn?"

"Mò ń ṣe àlùwàlá, omi wà lẹ́nu mi."

Omi tó wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn ni mo ń dúpẹ́ fún títí dòní.

Mo lọ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ẹ̀rọ. Lójú ẹsẹ̀, ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá iṣẹ́ dúró. Mo dá orúkọ náà padà, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dán an wò. Mo wá pa á rẹ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní mo ba iṣẹ́ Tíṣà jẹ́. Mo gbà. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì mú ọmọ mi kúrò ní Ìwó àti ní Ilé-Ogbó, èmi nìkan ni mo padà wálé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí wọ́n mú wá láti Òṣogbo láti tún ẹ̀rọ náà ṣe wá kí mi nílé. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, inú rẹ̀ dùn.

"Bàbá, ó ti ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹnìkan ló ràn mí lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ. Ó mọ̀ yín dáadáa."

Mo gbé ife omi tí mo bù fún un sílẹ̀.

Ó dárúkọ ọmọ mi. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀. "Ó ní kí n bá òun béèrè ibi tí ọmọ yín wà báyìí, Bàbá."

N kò sọ fún un. N kò ní sọ fún ẹ̀yin náà. Bí ẹ bá jogún iṣẹ́ òkú, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ibi tí ọmọ mi wà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kankan.