Àwòrán Yèyé Tí Kò Dé Ara Ògiri Mi

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwòrán lọ́wọ́ ayàwòrán kan ní Jos. Ogun abẹ́lé ti parí ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì ti gbé èmi olùkọ́ láti Èkìtì wá síbẹ̀. Àdúgbò Ali Kazaure ni ilé tí a háyà wà. Yàrá tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí wa.

Kì í ya ọba, kì í ya olówó. Àwọn tó ń wa kùsà nínú ẹrẹ̀ Bukuru nítòsí Jos ló ń yà, àti àwọn obìnrin tó ń ru igi ìdáná sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Nígbà mìíràn, á fín wọn sára pátákó, á fi tàdáwà kùn ún, á sì tẹ bébà lé e lórí. Irú èyí ṣe é tẹ̀ léraléra. Èyí tó bá fi ọ̀dà yà kò ní èkejì. Àwọn kan ń pè é ní ayàwòrán àwọn tálákà. Mo máa ń rọra tún un ṣe fún wọn pé òṣìṣẹ́ ló ń yà. Ẹni tó bá wo bí ẹsẹ̀ wọn ṣe tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní káàánú wọn. Yóò bọ̀wọ̀ fún wọn ni.

Ògiri pálọ̀ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nígbà tí ìyá mi wá láti Èkìtì láti bá wa wẹ ọmọ tuntun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú àwòrán arúgbó kan tó gbé agbọ̀n.

“Ta ni ìyá yìí?”

“N kò mọ̀ ọ́n, Yèyé. Ayàwòrán ló rí i lójú ọ̀nà.”

“Àbí ẹbí ìyàwó rẹ ni?”

“Rárá o.”

“Ẹ gbà mí! Ìyá tí kò bí ọ jókòó sínú férémù, èmi tí mo bí ọ ń wò ó láti orí àga!”

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ojú Yèyé kò rẹ́rìn-ín. Láàárín wa, òbí ẹni ló ni ògiri pálọ̀.

Mo lọ bẹ ayàwòrán náà pé kó wá ya Yèyé, ó sì wá. Yèyé ti ró sányán, ó ti wé gèlè, ó gbé Bíbélì lé itan, ó sì nà gbọnran bí ẹni tó jókòó níwájú oní-fọ́tò. Ọkùnrin náà wò ó títí. Lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò mira. Ó bu omi mu, ó bá ọmọ ṣeré.

“Ọmọkùnrin yìí kò mọṣẹ́,” ni Yèyé sọ fún mi. “Oní-fọ́tò ì bá ti ṣe tán.” Ó tú gèlè, ó fa àtẹ ẹ̀wà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta inú rẹ̀.

“Sannu da aiki, Mama,” ni ayàwòrán kí i, bí wọ́n ṣe ń fi èdè Hausa kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

“Yáwwà,” ni Yèyé dáhùn. Ó ti kọ́ ìyẹn lọ́jà. Ìgbà náà ni lẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà tó fi ọ̀dà parí rẹ̀ tó sì gbé e wá, mo mọ̀ pé kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo èyí tí mo ní. Ṣùgbọ́n inú Yèyé ru. “Sányán mi dà? Bíbélì mi dà? Ẹ̀wà ló ní kí n máa ṣà títí ayé!” Ó dojú àwòrán náà dé orí àga. Ọkàn mi bàjẹ́. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kò sí bí mo ṣe lè gbé e kọ́.

Nígbà tí ọmọ sùn lọ́sàn-án, mo bá Yèyé tó ti yí àwòrán náà padà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti inú àwòrán. Ìka rẹ̀ kékeré ti wọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ó wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

“Ta ló sọ fún un nípa ìka mi?”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Yèyé. Ó wò yín ni.”

“Èmi gan-an nìyí,” ni Yèyé wí.

Mo sáré mú òòlù àti ìṣó.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ilé mi ló ń lọ.”

Mo bẹ̀ ẹ́, torí mo ti pa àyè mọ́ fún àwòrán náà láàárín ògiri.

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí arúgbó alágbọ̀n. “Ìwọ ti ní ìyá tìrẹ.”

Sányán yẹn gan-an ló fi wé àwòrán náà lọ sí Èkìtì. N kò fi òmíràn dí àyè náà ní gbogbo ọdún tí mo lò ní Jos.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ya òbí yín, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ ṣí àpótí aṣọ. Ẹ wo ọwọ́ wọn ná.