Ẹ Má Fọwọ́ Kan Apá Kẹrin

Àwọn aránṣọ mìíràn a máa dákẹ́ bí wọ́n bá ti fi ètè di abẹ́rẹ́ mú. Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í dákẹ́. Ó lè di abẹ́rẹ́ mẹ́ta mú ní igun ẹnu kan, kí ó sì fi igun kejì dá ẹni tó bá sọ ìsọkúsọ lóhùn, ọ̀kan kò ní já bọ́. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gún rí mọ òtítọ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Máṣìnì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì tó ń gé aṣọ lé, dígí gígùn kan tó ti sán nísàlẹ̀, àti ṣòkòtò oríṣiríṣi tí wọ́n so rọ̀ lára ògiri. Àwọn kan ń dúró kí ó gé wọn kúrú, àwọn kan ń dúró kí ó tú wọn fẹ̀ nítorí pé ikùn ẹni tó ni wọ́n ti yọ. Yàrá géèmù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Pátákó tín-ínrín kan ṣoṣo ló pín wọn níyà, débi pé bí ẹnì kan bá sín níbi géèmù, Ìyá Abẹ́rẹ́ a kí i pẹ̀lẹ́ láti ìdí máṣìnì.

Láti ara pátákó yìí ni Ẹ̀ṣọ́ Afárá ti wọ inú ayé rẹ̀. Géèmù ni, ṣùgbọ́n ìtàn ni pẹ̀lú, ìtàn kan tí àwọn tó ṣe é ń gbé jáde ní apá ní apá láti ìgbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Ní apá kìíní, jagunjagun obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ afárá ìlú rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀tá ti gba ibẹ̀ wọlé pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yìí kò rí ojú Ẹ̀ṣọ́ rárá nígbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀ṣọ́ sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fetí sílẹ̀ títí ó fi rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì mọ́ra wọn. Ọ̀gá rẹ̀ gbá a létí. Kò dùn ún tó bí ó ṣe dùn ún pé òun kò mọ ojú ẹni tó ń sunkún. Bí wọ́n ṣe jáde iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó yí pátákó ká, ó sì lọ wò ó.

Láti ìgbà náà títí ó fi di ọ̀gá ara rẹ̀, tó fẹ́ ọkọ, tó bímọ, tó sì sin ọkọ, kò sí apá kan tó jáde tí kò dé etí rẹ̀. Bàbá tó kọ́kọ́ ni yàrá géèmù ti fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Òun àti Ìyá Abẹ́rẹ́ ní àdéhùn: ìyá á máa rán aṣọ àga fún un, òun á sì jẹ́ kí ìyá gbá géèmù bó bá ṣe wù ú ní ọ̀sán tí kò sí èrò. Agogo ni àwọn èèyàn ń pe ọmọ yìí, nítorí pé bí ó ṣe gba ipò bàbá rẹ̀ ló gbé agogo ńlá kan kọ́ sí ògiri, ó sì sọ pé láti òní lọ, wákàtí ni kálukú yóò máa san owó lé lórí.

Ọ̀ràn dé lọ́jọ́ tí apá keje jáde. Inú ẹ̀rọ géèmù ti kún. Géèmù bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, òun ló ń fa èrò jù, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Apá mẹ́fà Ẹ̀ṣọ́ Afárá ló kù, ọ̀kan nínú wọn sì ní láti lọ kí àlejò lè ráyè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwo tí wọ́n fi gbé wọn wá ti fọ́, òmíràn ti sọnù, inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ni wọ́n kù sí. Èyí tí wọ́n bá pa rẹ́, ó lọ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, Agogo pàtẹ́wọ́ láàárín yàrá. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ikùn ẹ̀rọ ti kún. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà gbọ́dọ̀ yẹra fún ọmọ tuntun. Èwo ni ká yọ?"

"Ìkẹrin!" ni gbogbo yàrá wí, bí ẹni pé wọ́n ti fi kọ́ra tẹ́lẹ̀.

"Géèmù káfíńtà," ni Lọ́yà fi kún un. Mẹkáníìkì ni Lọ́yà, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ bá a rojọ́ kó tó gbé irinṣẹ́. "Èèyàn tó ti ń gé orí ọ̀tá bọ̀ láti apá kìíní, wọ́n wá gbé òòlù lé e lọ́wọ́. Ó ní ká gbé pákó. Ó ní ká kan ìṣó. Ṣé iṣẹ́ ni mo wá ṣe níbí ni? Mo ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn pátákó, máṣìnì dákẹ́.

"Lọ́yà," ohùn kan wí láti ọ̀hún, "tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa."

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rán ṣòkòtò yín."

"Ṣòkòtò ẹ ni mo ń rán. Tó o bá fẹ́ kí ìdí ẹ̀ dí, tún un sọ."

Kí Lọ́yà tó rí èsì fọ̀, ìyá ti wọlé, téèpù lọ́rùn, ṣọ́ọ̀kì létí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sórí àga tó wà níwájú ẹ̀rọ, ó sì jókòó.

Agogo rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí wa. A mọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ràn ìkẹrin. Òun lẹ̀yin àti ọkọ yín jọ gbá kẹ́yìn. Ó yé wa."

"Ọkọ mi?" Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ tó kù lẹ́nu rẹ̀, ó fi í gún àyà aṣọ. "Ọkọ mi kórìíra ìkẹrin bí ẹni kórìíra àrùn! Ó sùn nídìí ẹ̀, ó ń hanrun. Ìkejì ló fẹ́ràn, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ìkejì tó jẹ́ pé ìkíní náà ni, wọ́n kàn fún Ẹ̀ṣọ́ ní idà tó gùn sí i! Gbogbo ọdún tá a fi gbé pọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn la ò fẹnu kò lé lórí títí ó fi kú. Torí náà, ẹ má fi òkú bò mí lẹ́nu. Mo ní ìkẹrin ló dáa jù torí pé ìkẹrin ló dáa jù."

"Ìkarùn-ún ló dáa jù o," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́. "Ẹ wo àwọn òmìrán yẹn! Ẹ wo bí òkè ṣe là sí méjì!"

"Òkè là, ó dáa. Kí ni Ẹ̀ṣọ́ ń wá lórí òkè?"

Nọ́ọ̀sì ronú díẹ̀. "Ó fẹ́ pa àwọn òmìrán náà."

"Kí ni wọ́n ṣe fún un?"

"Wọ́n ga."

Yàrá tún bú sẹ́rìn-ín, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́. Ìkẹta dáa, mi ò bá yín jiyàn. Ẹ̀ṣọ́ dáná sun ìlú ara ẹ̀ àti afárá ara ẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí i gbà. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, èmi náà pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń gbé inú ìlú náà wá ńkọ́? Ìkẹrin nìkan ló rántí béèrè. Ó ní kí Ẹ̀ṣọ́ padà sílé, kó tún afárá kọ́ láàárín àwọn tó dáná sun ilé wọn. Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, ìkẹta ti di irọ́. Ìkarùn-ún ti di ariwo lásán. Afárá wà níbẹ̀rẹ̀ ìkarùn-ún, ó ń dán gbinrin, ẹnì kankan ò bi yín pé ta ló kọ́ ọ."

"Màmá, ìtàn wo ló wà nínú ẹ̀?" Lọ́yà na ọwọ́ méjèèjì. "Ó padà sílé. Ó ru pákó. Ó tán."

"Kí ni ìyá ẹ̀ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá Ẹ̀ṣọ́."

Lọ́yà wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Ẹ̀ṣọ́ ní ìyá?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ kọjú sí Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo bàtà ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ìgbà náà ló gbé ojú tirẹ̀ sí ara ògiri, níbi tí agogo wà, ọ̀rọ̀ náà sì yé e kedere.

Nígbà àwọn apá mẹ́ta àkọ́kọ́, yàrá yìí dà bí pálọ̀ bàbá Agogo, wọ́n á jókòó, wọ́n á sì gbọ́ gbogbo ohun tí Ẹ̀ṣọ́ bá sọ. Ọdún tí agogo gun ògiri ni ìkẹrin dé. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni nínú géèmù bá ti la ẹnu, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì róbótó tó máa ń fo ọ̀rọ̀, kí wákàtí wọn má baà ṣòfò. Ìkarùn-ún kò pàdánù púpọ̀, ìjà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni gbogbo ìkẹrin. Nígbà tí wọ́n fo ọ̀rọ̀ tán, pákó ló kù.

"Ẹ̀ ń fò ó," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ ga. "Gbogbo yín ń fò ó. Ẹ yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ẹ wá ń pariwo pé ọbẹ̀ ò lẹ́ran."

"Màmá, èrò apá keje ti ń dúró níta," ni Agogo wí. "Ẹ dìde, kí n tẹ nǹkan tí mo fẹ́ tẹ̀."

"Mi ò dìde."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò dìde, Agogo! Èmi ni mo rán aṣọ àga yìí, ó mọ ìdí mi. Tó o bá fẹ́ pa ìkẹrin rẹ́, gbé èmi àti àga síta pọ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kankan! Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ṣì ní ó burú, mo máa dìde fúnra mi."

Agogo ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ti gun àpótí kan, ó ti gbé agogo sọ̀kalẹ̀, ó sì dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. "Mo ti wo agogo tó lónìí," ó wí. "Ẹ fi sí i, màmá."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù. Ó mọ ibi tó ń lọ. Lójú ẹ̀rọ, Ẹ̀ṣọ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé kan tí iná ti jó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn. Arúgbó obìnrin kan yọjú.

"Ẹ káàbọ̀," ni arúgbó náà wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

Ẹ̀ṣọ́ wo òòlù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣépè nílùú náà bí òun. "Mo wá tún ilẹ̀kùn yín ṣe ni," ó wí níkẹyìn.

Ẹ̀ṣọ́ kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn. Arúgbó bu oúnjẹ fún un bí ẹni ń bù fún àlejò, ó ń sọ ìtàn ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ní ó ti kú sójú ogun. Ẹ̀ṣọ́ ń jẹun, ó ń dá a lóhùn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá."

Lẹ́yìn náà, Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣí ibi tó tọ́jú òpin sí. Afárá ti parí. Gbogbo ìlú dúró ní etí odò, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí ọwọ́ tó kọ́ ọ. Arúgbó yẹn nìkan ló jáde. Ó di ọwọ́ Ẹ̀ṣọ́ mú, wọ́n sì dé àárín odò kí arúgbó tó sọ̀rọ̀.

"Ilẹ̀kùn tó o tún ṣe, ó ṣì ń ké."

"Ẹ má bínú, màmá. Mo máa padà wá wò ó."

"Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Bàbá ẹ náà ò mọ ìṣó kàn. Ọjọ́ tí ìṣó àkọ́kọ́ ti wọ́ ni mo ti mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́."

Nọ́ọ̀sì fi bàtà bojú. Agogo ń wo òkè àjà bí ẹni pé òjò ń jò níbẹ̀. Lọ́yà wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Ìṣó yẹn," ó wí. "Mo rí i pé ó wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń rí i. Mo rò pé àwọn tó ṣe géèmù ló ṣàṣìṣe." Ó nu imú rẹ̀. "Síbẹ̀síbẹ̀, ìkarùn-ún ló dáa jù."

"Bá mi jiyàn ẹ̀ lọ́la," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "O ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ báyìí."

"Ó dáa, ìkẹrin dúró," ni Agogo wí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ká yọ ìkẹfà nígbà náà. Màmá ni yóò kọ́kọ́ nawọ́, mo mọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ bí ìyá ṣe kórìíra ìkẹfà tó. Nínú apá yẹn, ọmọ ọ̀tá tí bàbá rẹ̀ pa ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ní kí ẹni tó ń gbá géèmù máa ṣe dípò Ẹ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ tó ti jáde, Ìyá Abẹ́rẹ́ kò fọwọ́ kan páàdì láti gbá a. Bí ẹlòmíràn bá ń gbá a, ìyá a tẹ máṣìnì kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ọmọ náà.

Ó ti na ọwọ́ dé ìdajì. Ọwọ́ náà dúró.

"Ta ló ti gbọ́ ọ dópin láìfò?" ó béèrè.

Lọ́yà wo Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì wo Agogo.

"Èmi náà ò gbọ́ ọ." Ó rẹ ọwọ́ sílẹ̀. "A ò yọ ọ́."

Agogo ká ọwọ́ lérí. "Màmá! Apá keje wá ńkọ́?"

"Ṣebí òun ni àbúrò wọn? Kó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ á fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tí kò bá lè dúró, kó máa lọ." Ó tún ìdí fi jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Lọ́yà, gba páàdì. Fi ìkẹfà sí i látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé mo máa kórìíra ẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi etí ara mi kórìíra ẹ̀."

Lọ́yà tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ohùn ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀ láti òdìkejì odò. Ìyá Abẹ́rẹ́ fajú ro, ó sì fetí sílẹ̀.