Yàrá Ọlọ́lá Méjì Tí Máhunjọ Mọ̀

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lórí omi, kò sì sùn lórí ọ̀kankan nínú wọn rí. Máhunjọ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé aṣọ ibùsùn tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ kì í hunjọ. Wọ́n ní bí eṣinṣin bá bà lé e, yóò yọ̀ ṣubú.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi afẹ́ méjì ló ti bá ṣiṣẹ́. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ọkọ̀ wọn kò kàn wá. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún wọn ló bá ìwà wọn mu. Wọ́n ń pe àkọ́kọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pe èkejì, níbi tó wà báyìí, ní Iwin.

Lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, yàrá ọlọ́lá fẹ̀ débi pé ẹni tó bá gbàgbé awò ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìwẹ̀ yóò rin ogójì ìṣísẹ̀ kó tó padà mú un. Òfin ibẹ̀ ni pé kí olùtọ́jú yàrá mọ orúkọ àlejò kó tó mọ ojú rẹ̀. Kó ti máa rẹ́rìn-ín láti ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó kí i bó bá ku márùn-ún. Kó ká tówẹ́ẹ̀lì bí ẹyẹ, kó gbé e sórí ìrọ̀rí. Ìwé pélébé kan máa ń wà lápò rẹ̀ tó ń kọ ìwà àlejò sí: èyí ń fi apá òsì sùn, èyí kò fẹ́ òórùn òdòdó, èyí máa ń sunkún, ẹ má bi í léèrè. Àlejò kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ní kí Máhunjọ wá bá òun wo tẹlifíṣọ̀n. Ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń rẹ́rìn-ín, yàrá mẹ́fà ń dúró dè é. Òfin ló ní kó jókòó.

Lọ́dọ̀ Iwin, olùtọ́jú yàrá tí àlejò bá fojú rí ti ṣẹ̀. Bí àlejò bá jáde, iná kékeré kan á tàn lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, olùtọ́jú yàrá á yọ láti ẹnu ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kùn bí ògiri, á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjìlélógún, á tún wọ inú ògiri lọ. Kò gbọdọ̀ fi òórùn sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ká tówẹ́ẹ̀lì bí ohunkóhun. Kódà ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló máa ń pa á rẹ́ bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn jáde. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ká aṣọ ibùsùn kúrò tí wọ́n ń tẹ́ tuntun, ìbáà dọ̀tí, ìbáà má dọ̀tí. Àlejò gbọ́dọ̀ gbà pé yàrá ló ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Bí ẹ bá bi Máhunjọ pé èwo ló sàn jù, á ní, "Lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ro mí. Lọ́dọ̀ Iwin, ẹ̀yìn ni." Ó parí nìyẹn.

Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Máhunjọ obìnrin. Oṣù mẹ́jọ lórí omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé: bí ìwé àdéhùn ṣe wí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ni ọmọ ń pè ní Màmá. Ìyá tó bí i, Màmá Orí Omi ló ń pè é. Kò dun Máhunjọ mọ́. Ibi tí nǹkan bá ti ń gún ni lójoojúmọ́, awọ ara á yi síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù.

"Àbúrò, ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Oṣù mẹ́rin sí i, a ti lọ. Ọmọ á bá wa lọ."

"Ọmọ ta ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ọmọ tí mo tọ́ ni. Àbí kí n fi í sílẹ̀ fún ògiri? Gbọ́ o, bí o bá ríṣẹ́ lórí ilẹ̀, tí o ń wọlé lálaalẹ́ bí ìyá ọmọ ṣe ń wọlé, mi ò ní bá ọ du ọmọ rẹ. Wá mú un. Bí o ò bá rí, má fi ẹkún dí mi lọ́wọ́."

"Mi ò sunkún."

"Mo mọ̀. O kì í sunkún. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Nínú oṣù kejì, iṣẹ́ kan yọjú. Àwọn olówó ti ń fi Iwin sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, àwọn aláṣẹ kò sì mọ ìdí. Wọ́n fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ nítòsí èbúté, níbi tí wọn yóò ti máa kọ́ àwọn olùtọ́jú yàrá tuntun. Wọ́n ń wá olùkọ́ tó mọ ilé méjèèjì tinú-tẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ dé ilé ẹ̀gbọ́n Máhunjọ kò ju wákàtí kan lọ.

Ọ̀gá àwọn yàrá ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ kì í dún ni.

"Ẹ jókòó."

"Mo lè dúró, sà."

"Ẹ jókòó. Láti òní, àlejò ni yín." Ó ti fọ́ọ̀mù kan sí i lórí tábìlì. Ogójì ìbéèrè ló wà níbẹ̀. "Ẹ máa gbé yàrá ọlọ́lá fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi wé ti ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ojú àlejò la fẹ́ o. Ojú òṣìṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa."

"Bí mo bá ṣe é dáadáa ńkọ́, sà?"

"Iṣẹ́ orí ilẹ̀ di tiyín. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ wa kejì tóun náà ti ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún rí. Ẹ̀yin la kọ́kọ́ pè."

Yàrá tí wọ́n fún un, Atawẹ́wẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Atawẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ń bá Máhunjọ gbé yàrá òṣìṣẹ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí kò sí fèrèsé. Òun ń sùn ní àjà òkè bẹ́ẹ̀dì, Máhunjọ ní àjà ìsàlẹ̀. Ó kúrú, ẹnu rẹ̀ sì ń ta. Máhunjọ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ? Ẹ̀yin ni àlejò mi?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

"Ṣẹ́ ẹ rí i, ẹ má da irun sínú ọpọ́n ìwẹ̀ fún mi o. Ẹ má sì máa tẹ agogo pè mí pé ìrọ̀rí le. Màá bomi tútù lù yín lórí."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn? Iwin kì í sọ̀rọ̀."

"Háà! Ẹ má bínú, màdáàmù. Iwin ti lọ." Ó fi aṣọ ibùsùn bo orí, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fẹ̀yìn rìn títí tó fi kọlu ilẹ̀kùn.

Máhunjọ rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín tó kọ́ níléeṣẹ́ àkọ́kọ́ ni.

Ó wọ yàrá ọlọ́lá lọ́sàn-án, ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rí i pé láti ibẹ̀, òkun ló kún fèrèsé pátápátá. Ọdún márùn-ún ló ti ń tẹ́ irú bẹ́ẹ̀dì yìí. Ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí fèrèsé. Ó dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ó rí eruku lábẹ́ agbada ìfọwọ́, níbi tí ẹni tó bá dúró kò lè rí láéláé. Kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Ó jáde sí bákónì. Nígbà tó padà wọlé, wọ́n ti gbé àwo èso tuntun sórí tábìlì, kò sì gbúròó ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹni tó gbé e. Ó mọ ilẹ̀kùn tó gbà wọlé. Síbẹ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé: "Lọ́hùn-ún, àlejò kì í ráyè dá wà. Níhìn-ín, àlejò á máa bojú wẹ̀yìn." Gbólóhùn náà dára. Òun náà mọ̀ pé ó dára.

Ilẹ̀ mọ́. Bárakú kì í ṣe àrùn tí à ń gbé lọ fún dókítà. Kí ojú Máhunjọ tó là tán, ó ti fa aṣọ ibùsùn le, ó ti ki igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ abẹ́ ibùsùn, ó ti nu ọpọ́n ìwẹ̀, ó ti to àwọn ife kí ọwọ́ wọn lè kọjú sí ibì kan náà. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ àlejò tí wọ́n yá a, ó lọ jẹun. Kò rántí pé òun ṣe ohunkóhun. Tíì tó mu kò tíì tutù tó fi rántí.

Nígbà tó sáré padà, Atawẹ́wẹ́ ti wọlé, ó ti jáde. Ọmọbìnrin náà rí bẹ́ẹ̀dì tó dán bí jígí. Kò sí ẹni tó lè tẹ́ irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà ju ẹyọ ẹnì kan lọ. Yàrá mẹ́rìnlá ló wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé tówẹ́ẹ̀lì tuntun kọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló lò. Ẹ̀rọ tó wà lára ilẹ̀kùn kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, ọ̀gá àwọn yàrá ṣí fọ́ọ̀mù náà ní ojúewé ojúewé. Ó ń mi orí pé ó dára. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó sọ nípa bíbojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka lé ibì kan.

"Ìbéèrè kẹtàdínlógún. Ǹjẹ́ olùtọ́jú yàrá pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lọ́jọ́ kìíní? Bẹ́ẹ̀ni tàbí Rárá. Ẹ ò dáhùn."

"Èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, sà. Mi ò mọ ìgbà tí mo tẹ́ ẹ. Bí mo ṣe jí ni."

"Kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù."

"Ọmọ náà wọlé, sà. Ó rí i pé wọ́n ti..."

"Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá kọ Bẹ́ẹ̀ni, ilẹ̀kùn á pè yín ní òpùrọ́. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹ, ẹ kì í ṣe àlejò nìyẹn, torí àlejò kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìbéèrè ogójì yìí di pàǹtí, màá sì ké sí ọkùnrin yẹn."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Fún ta ni?"

"Olùtọ́jú yàrá náà."

"Ìyẹn ò sí nínú ohun tá a bi yín."

Máhunjọ mú bírò. Ó kọ Rárá. Ó ti fọ́ọ̀mù náà padà sí ọ̀gá.

Ẹ má wá àwáwí fún un. Ẹnì kan á ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kì í ṣe ẹnu àáké ló wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń sùn lókè orí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ni. Àwọn tó ṣe fọ́ọ̀mù náà mọ ìdí tí wọn kò fi fi àyè kankan sílẹ̀ sábẹ́ ìbéèrè kẹtàdínlógún, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba káàdì tó fi ń ṣí àwọn yàrá òkè lọ́wọ́ Atawẹ́wẹ́. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀ sí ilé ìfọṣọ títí àdéhùn rẹ̀ yóò fi parí, kó sì kó lọ sí yàrá àwọn afọṣọ. Ó wá kó ẹrù rẹ̀. Máhunjọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo abẹ́ àjà òkè.

"Wọ́n ní àlejò kọ ọ́ pé mi ò pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì."

"Àlejò kọ ọ́."

"Mo rò pé ẹ ṣe é fún mi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ pé yàrá mẹ́rìnlá ló wà lọ́rùn mi. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nínú yàrá yẹn, èmi nìkan, bí wèrè."

"Mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

"Ṣé ọwọ́ yín náà ló kọ Rárá?"

Máhunjọ wá irọ́ kan tó lè pa. Kò rí.

"Nítorí ọmọ mi ni," ó ní.

"Mo mọ̀ pé ẹ lọ́mọ. Gbogbo ìgbà lẹ ń sọ ọ́. Èmi náà lọ́mọ. Ẹ ò bi mí rí." Ó fa síìpù àpò rẹ̀. "Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun, màdáàmù."

Máhunjọ retí pé ohun kan á gún òun láyà. Ó retí títí iná yàrá fi kú fúnra rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo ti ríṣẹ́."

"Lórí ilẹ̀?"

"Lórí ilẹ̀."

"A dúpẹ́ o. Jẹ́ kí n gbé fóònù fún ọmọ rẹ."

Ohùn ọmọ wọlé. "Màmá Orí Omi, wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀. Mi ò ní padà mọ́."

"Ó dáa. Ṣé mo lè lọ ṣeré?"

"Lọ ṣeré."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ gúnlẹ̀. Máhunjọ di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìfọṣọ láti dágbére. Ooru ibẹ̀ kọlu ojú rẹ̀. Atawẹ́wẹ́ wà nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ó ń ki aṣọ ibùsùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíràn ń gbà á lódì kejì. Apá rẹ̀ ti jóná níbi méjì, wọ́n ti lẹ báńdéèjì kékeré funfun mọ́ ọn.

"Ó dàbọ̀ o, àbúrò mi."

Atawẹ́wẹ́ gbójú sókè. Ó fi ìka kan etí rẹ̀, ó mi orí pé ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí òun gbọ́.

Máhunjọ mọ ariwo ẹ̀rọ náà. Kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò tún un sọ. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó gòkè lọ bọ́ sórí ilẹ̀.